Kí Ló Dé Tí Bàbá Àgbà Ń Kàwé Sókè?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé báyìí. Tí wọ́n bá ń ka Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn, ẹnu wọn kì í dákẹ́, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà. Àwọn ọmọ mi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá àgbà ò mọ̀wé kà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ àwọn náà kì í gbé ìwé, orí fóònù ni wọ́n wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé dandan ni kí ẹni tó mọ̀wé fi ojú nìkan kà á? Ṣé lóòótọ́ sì ni àwọn ará àtijọ́ kàwé jù wá lọ?" Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá wọn láre lójú àwọn ọmọ: bàbá mọ̀wé kà. Bí wọ́n ṣe ń kà á yẹn ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó mọ̀wé láyé ṣe ń kà á fún ọdún tó lé ní 2,000. Kí èèyàn dá jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kó panu mọ́, kó máa fi ojú nìkan tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ni àṣà tó dé kẹ́yìn. Àwọn ọmọ yín náà kì í sì í ṣe aláìkàwé, torí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà lórí fóònù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ wọn wà, mo máa dé ibẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ ń fura sí.

Ní ọdún 384, Augustine, ọmọ ìlú Tagaste ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, dé Milan ní Ítálì láti máa kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àwùjọ. Ambrose ni bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé tọ Ambrose lọ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Augustine àtàwọn tó bá a lọ a sì bá bíṣọ́ọ̀bù nídìí ìwé: ojú rẹ̀ ń lọ lórí ìwé, ọkàn rẹ̀ ń wá ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ohùn àti ahọ́n rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n á jókòó pẹ́ láìsọ̀rọ̀, wọ́n á tún dìde, wọ́n á máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà jẹ Augustine lọ́kàn débi pé ó ń wá ìdí rẹ̀. Ó ní bóyá bíṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ní kí òun ṣàlàyé ibi tó ta kókó, tàbí bóyá ohùn rẹ̀ tó tètè máa ń há ló ń ṣọ́. Ọ̀mọ̀wé ni Augustine, ọ̀rọ̀ ẹnu sì niṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kí èèyàn kàwé láìlanu jẹ́ ohun tó rò pé ó yẹ kóun wá àlàyé fún.

Kì í ṣe pé àwọn ará ìgbà yẹn ò lè ṣe é o. Nínú eré kan tí Aristophanes gbé sórí ìtàgé ní Áténì, nílẹ̀ Gíríìsì, ní ọdún 424 ṣáájú ìbí Jésù, ọkùnrin kan ń fi ojú ka ìwé àsọtẹ́lẹ̀, ẹnì kejì sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ló wà níbẹ̀, kí ló wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ní kíkà sínú ti wà látọjọ́ pípẹ́ máa ń tọ́ka sí eré yìí, òótọ́ sì wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó fẹ́ lè ṣe é. Àmọ́ kíkà sókè ló jẹ́ ìṣe gbogbo ayé, òun ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nígbà náà dá kún un. Nígbà ayé Augustine, wọn kì í fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń kọ, bó ṣe máa rí rèé: BABAJOKOOSABẸIGIOṢIIWEKA. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ojú nìkan kà á. Kí ẹ tó dé àárín, ẹnu yín á ti máa mì, torí etí ló máa bá yín gé ọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ. Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje. Látìn kì í ṣe èdè abínibí wọn, etí wọn ò lè gbá a mú bíi ti ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, wọ́n sì nílò kí ojú ran etí lọ́wọ́. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí àṣà náà tó kárí Yúróòpù, bó sì ṣe ń tàn kálẹ̀ ni kíkà sínú ń rọrùn sí i.

Ẹ wá wo Bíbélì ọwọ́ bàbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní àkọtọ́ àtijọ́, láti inú ìtumọ̀ tí Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde lódindi ní 1884. Ẹ ṣí i sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: "Li àtetekọṣe Ọlọrun dá ọrun on aiye." Àmì ohùn tó wà níbẹ̀ ò ju méjì lọ. Ojú lásán ò lè sọ fún ẹni tó ń kà á bóyá ibi tí Ọlọ́run ń gbé ni ọ̀rọ̀ kan ń wí tàbí ohun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ẹnu bàbá ló ń fi àmì tí àwọn òǹtẹ̀wé ò fi síbẹ̀ sí i. Tí àwọn ọmọ bá tún rẹ́rìn-ín, ẹ gbé Bíbélì yẹn lé àgbà inú wọn lọ́wọ́, kó ka Sáàmù kan sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Á rí i pé iṣẹ́ ni bàbá ń ṣe.

Àwọn Mùsùlùmí ti ń ka ìwé nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé, sókè ni wọ́n sì ń kà á. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé kéwú kọjá mọ ariwo ibẹ̀: àwọn ọmọ lórí ẹní, wàláà lórí itan, oníkálukú ń ké ibi tí alùfáà kọ fún un, gbogbo ohùn a dàpọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀, kò kà nìyẹn. Tí oṣù Ramadan bá dé, ní ìdí tàfúsírì, ajánásì á ka ẹsẹ Kùránì lédè Lárúbáwá, alùfáà àgbà á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, á tú u palẹ̀, àwùjọ á máa gbọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló lè wà ní ṣíṣí níbẹ̀, kí ọgọ́rùn-ún èèyàn sì jọ kà á tán. Èmi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pe ìyẹn bí kò ṣe ìwé kíkà.

Àṣà yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní oṣù January 1835, ní ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê dìde ogun sí àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹrú. Nàgó ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, àwọn agbófinró tú ilé kiri, wọ́n bá ìwé tí wọ́n kọ lédè Lárúbáwá: ẹsẹ Kùránì, àdúrà, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, àtàwọn èyí tí wọ́n ká sínú tírà. Ìwé wọ̀nyẹn di ẹ̀rí lòdì sí ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn ń ṣẹrú lójú mọmọ, ó tún ń wá àyè kọ́ ìwé. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ìtàn yìí.

Ó wá kan ìbéèrè yín kejì. Àwọn ará àtijọ́ ò kàwé jù wá lọ rárá. Ìwọ̀nba èèyàn ló lè kà, ìwé ò sì pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ta wá yọ ni pé ìwé kan ń dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn kì í sì í kánjú kúrò lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù December 1859, Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, gbé Ìwé Ìròyìn jáde fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Townsend ò fi ohun tó ń wá pa mọ́: ó ní òun fẹ́ kó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Ọdún mẹ́jọ péré ni iṣẹ́ náà fi lọ, torí ní 1867 àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde nílùú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì bá a lọ. Àmọ́ àṣà tó gbìn ò kú. Ọmọ iléèwé kan nínú agbo ilé ti tó. Òun ló ń ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kọ láti Èkó tàbí láti Gánà, tí ìyá á ní "padà síbẹ̀ yẹn, tún un kà," tí bàbá á ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti tó àádọ́rin ọdún lónìí ti ṣiṣẹ́ yìí ní kékeré. Ẹ bi bàbá léèrè, ó dá mi lójú pé wọ́n ní ìtàn kan tàbí méjì tí wọ́n máa sọ.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Havana, lórílẹ̀-èdè Kúbà, ní 1865, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ká sìgá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún ẹnì kan láti máa kàwé fún wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ àti ojú wọn wà lára ewé tábà, etí wọn ṣí sílẹ̀. Òǹkàwé á jókòó sórí pèpéle gíga láàárín gbọ̀ngàn, á ka ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà á wá mú ìtàn gígùn, lójoojúmọ́, láti ibi tó dúró sí lánàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yan ìwé tó bá wù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Kò pẹ́ tí ìjọba Sípéènì, tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, fi fòfin dè é ní 1866, torí ẹ̀rù ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbọ́ bà wọ́n. Òfin náà ò lè pa á. Àwọn ọmọ Kúbà gbé e dé Tampa ní Florida, níbi tí àwọn tó ni iléeṣẹ́ ti wó pèpéle òǹkàwé palẹ̀ ní 1931, tí wọ́n sì gbé rédíò síbẹ̀. Ní Kúbà, òǹkàwé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní.

Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá mọ̀ pé etí ni àwọn ń kọ̀wé fún. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Orin kún inú rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìgboro, irú èyí tí ẹni tó ń kà á á ti máa kọ jáde kó tó mọ̀. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé padà sí olóòtú lórí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé ẹ̀dá alààyè ni. Fágúnwà tiẹ̀ la ọ̀nà sílẹ̀ gbangba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ó ní òun ni onílù, àwa ni ká jó o. Ó ní tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà, ká fi ara wa sí ipò rẹ̀, ká sọ ọ́ bí ẹni pé àwa ni. Tí ẹnì kejì bá fèsì, ká gbà á bí ẹni pé àwa ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó bá fi ojú nìkan sáré gba orí ìwé yẹn kọjá kò tíì ṣe ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní kó ṣe.

Lẹ́yìn ti kíkà sínú, àyípadà kejì ni ti ìgbà tí ìwé di púpọ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, títí di àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ ilé ò ní ju Bíbélì, ìwé orin àti ìwé kàlẹ́ńdà lọ, wọ́n á sì máa kà wọ́n ní àkàtúnkà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìtàn àti ìwé ìròyìn ya dé: èèyàn á ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, á jù ú sílẹ̀, á tún wá òmíràn. Rolf Engelsing, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló gbé àlàyé yìí kalẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní ó ti là á gún régé jù, torí ọ̀pọ̀ ò ṣíwọ́ àkàtúnkà, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi náà wà. Síbẹ̀ ariwo tó gba ilẹ̀ Jámánì kan nígbà náà kì í ṣe àlá. Àwọn pásítọ̀ àti olùkọ́ ń kọ̀wé pé ìwé ìtàn ti di bárakú fún àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin, pé wọ́n ń fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀, wọn ò sùn lóru, ojú wọn ń bàjẹ́. Ní Leipzig, wọ́n fòfin de ìtàn Werther tí Goethe kọ, lọ́dún kejì tó jáde, ìyẹn 1775. Gbogbo ohun tí à ń sọ nípa fóònù lónìí ni wọ́n sọ nípa ìwé nígbà náà.

Tiwa dé ní ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, iye ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ìran tó fi ìwé Aláwìíyé kọ́ Yorùbá kíkà níléèwé nìyẹn. Ìran yẹn ló ka Fágúnwà, tó ń fi ìwé Atọ́ka wo eré nínú àwòrán, tó sì ra ìwé ìròyìn Aláròyé nígbà tó dé ìgboro ní 1996. Iléèwé náà ló tún kọ́ wa ní "kà á sínú": olùkọ́ fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́, ìdánwò náà sì fẹ́ kíá. Láti ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń mì ò tíì mọ̀wé.

Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Lórí fóònù yẹn, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá jí, ó sì ṣeé ṣe kí iye rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ju ohun tí bàbá kà ní oṣù kan nígbà èwe wọn lọ. Ìtàn tí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ń gbé jáde lápá-lápá lórí Facebook, tí àwọn èèyàn ń pariwo pé kí apá kejì tètè dé, iṣẹ́ Akéde Èkó nìyẹn. WhatsApp tó kún fún Yorùbá tí kò lámì tún ti dá ẹnu padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ṣọ́ wọn, ẹ máa rí i pé ètè àwọn náà máa ń mì tí wọ́n bá dé irú rẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé wọn kì í pẹ́ lórí ohun kan. Ẹ̀rọ náà ò jẹ́: ọ̀rọ̀ kan ò tíì tán tí òmíràn á ti dún. Ẹni tí kò bá tíì fi wákàtí kan tẹ̀ lé ìtàn kan rí, ojú ìwé kẹta ni yóò ti máa yán. Agbára yẹn kì í bíni mọ́ni, ìlò ló ń mú un dàgbà, tí a ò bá sì lò ó, á lọ. Ìwé Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ wa kì í ka Yorùbá gígùn níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mi ò ní pa á mọ́ fún yín.

Bàbá gan-an lẹ máa fi tún un ṣe. Ẹ ra Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní àkọtọ́ tuntun, ẹ̀dà méjì tí agbára bá gbé e, kí àwọn ọmọ máa fi ojú tẹ̀ lé e bí bàbá ṣe ń kà á. Ìdajì wákàtí lálẹ́ ti tó, kí gbogbo fóònù wà ní yàrá kejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí bàbá nìkan máa kà. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ pín ọ̀rọ̀ ẹnu fún wọn: ọ̀kan di Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, èkejì di iwin, bàbá ń ka ìyókù. Ẹ máa dúró níbi tó bá gbóná jù, kí wọ́n lè fi béèrè fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dá àṣìkà wọn dúró lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá á tún un kà bó ṣe yẹ, wọ́n á gbọ́. Lọ́jọ́ tí ara bàbá ò bá sì gbé e, ẹ lo fóònù: ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ara wọn bá le, orí kan ní ìjókòó kan, kí àwọn ọmọ ṣí ìwé síwájú, kí wọ́n máa gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á lọ.